Alárinà Inú Fóònù: Ẹ Bi Àǹtí Onífóònù

Lẹ́tà mẹ́fà ló dé ọ̀dọ̀ mi láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, márùn-ún nínú wọn ló sì dá lórí ohun kan ṣoṣo: proxy, ìyẹn ẹ̀rọ alárinà tó ń dúró láàárín fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Mi ò mọ ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ náà sí gbogbo yín lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́tà kẹfà ń béèrè bóyá mo lọ́kọ. Ìyẹn kò sí lára iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún. Mo to ìbéèrè yín bó ṣe wù mí, mo gé èyí tó gùn, mo sì yọ orúkọ àti nọ́ńbà kúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi páásíwọ̀ọ̀dù yín ránṣẹ́ sí mi. Ẹnìkan tún ti fi tiẹ̀ ránṣẹ́ o.

*Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan ní Marina ni mo ti ń ṣe akọ̀wé, oṣù kejì mi rèé níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wa fún mi ní bébà kékeré kan, ó kọ 192.168.10.5 sí i, ó kọ 3128 sábẹ́ rẹ̀, ó ní kí n fi sínú fóònù mi bí mo bá fẹ́ lo Wi-Fi wọn. Ojú tì mí láti béèrè pé báwo. Wi-Fi náà ti wọlé sórí fóònù mi, àmì rẹ̀ kún dáadáa, ṣùgbọ́n kò ṣí nǹkan kan. Àti pé, ṣé ọ̀gá mi á máa rí ohun tí mo bá ń kọ lórí WhatsApp? Tecno ni fóònù mi. — Akọ̀wé, Èbúté-Mẹ́tà*

Àbúrò mi, ẹni tó kọ nọ́ńbà méjì sórí bébà láìṣàlàyé ni kí ojú tì, kì í ṣe ìwọ.

Jẹ́ ká ka bébà náà ná. Nọ́ńbà òkè ni ojúlé ẹ̀rọ alárinà tó wà nínú ilé-iṣẹ́ yín. Ojúlé tó bá fi 192.168 bẹ̀rẹ̀, inú àgbàlá ló wà. Bí ọ̀rẹ́ rẹ tó wà ní Ìkẹjà bá kọ ọ́ sínú fóònù tirẹ̀, kò ní bá ẹnì kankan nílé. 3128 ni ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé, òun ni fóònù ń pè ní Port. Ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀rọ kan lè ní ju 65,000 lọ, nítorí náà bí o bá dé ojúlé tó tọ́ tí o wá kan ilẹ̀kùn tí kò tọ́, kò sẹ́ni tó máa dá ọ lóhùn. 3128 yẹn tún ta mí lólobó: ó jọ pé Squid, ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ṣe iṣẹ́ alárinà, ni wọ́n ń lò níbẹ̀, torí nọ́ńbà tí Squid máa ń bá wá látilẹ̀ nìyẹn. Èmi àti Squid ti jọ jẹun rí. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ó yá, mú fóònù. Wọ Settings, kí o wọ ibi Wi-Fi. Má kàn tẹ orúkọ Wi-Fi ilé-iṣẹ́ yín kí o gbọ́wọ́ kúrò; fọwọ́ lé e kí o dúró díẹ̀, tàbí kí o tẹ àmì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí o bá rí àwòrán pẹ́ńsù, tẹ ìyẹn. Wá ibi tí wọ́n kọ Advanced options sí; àwọn tó ń lo Samsung, View more ni tiyín. Wàá rí Proxy níbẹ̀, None ló máa wà ní iwájú rẹ̀. Sọ ọ́ di Manual. Àwọn àpótí tuntun á yọ nísàlẹ̀. Kọ nọ́ńbà òkè sínú Proxy hostname, kí o kọ 3128 sínú Proxy port. Èyí tí wọ́n pè ní Bypass proxy for, fi í sílẹ̀ lófìfo, àfi bí ọkùnrin yẹn bá fún ọ ní nǹkan tí wàá kọ síbẹ̀. Tẹ Save.

Bí Save bá kọ̀ tí kò ṣeé tẹ̀, padà lọ wo ẹ̀yìn nọ́ńbà náà. Kíbọ́ọ̀dù fóònù máa ń ti àlàfo kan mọ́ ọn fúnra rẹ̀, ojú kì í rí i. Mo ti rí ẹni tó gbé fóònù láti Bàrígà wá bá mi ní Yaba nítorí àlàfo kan ṣoṣo. Má kọ http sí iwájú rẹ̀ o, nọ́ńbà àti àmì ìdánudúró inú rẹ̀ ti tó.

Wá ṣí Chrome. Bí ó bá béèrè orúkọ àti páásíwọ̀ọ̀dù lọ́wọ́ rẹ, alárinà fúnra rẹ̀ ló ń béèrè ẹni tí o jẹ́. Ọkùnrin oníbébà ló máa fún ọ, kì í ṣe ti Facebook rẹ ni kí o lọ kọ síbẹ̀. Bí o bá rí ERR_PROXY_CONNECTION_FAILED, á jẹ́ pé nọ́ńbà ṣì, tàbí pé ẹ̀rọ náà ti kú. Bí Chrome bá ń ṣí tí WhatsApp sì ń yí pooyì, má fọ fóònù mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ áàpù kì í wo ibi proxy tí a kọ sínú Wi-Fi rárá, bíráúsà ló máa ń gbọ́ràn sí i. WhatsApp ní ibi proxy tirẹ̀ láti January 2023, inú Settings rẹ̀, lábẹ́ Storage and data, ṣùgbọ́n alárinà tí wọ́n tò sílẹ̀ fún WhatsApp ló ń fẹ́, ti ilé-iṣẹ́ yín lè má bá a mu. Dátà tìrẹ ni kí o fi máa ṣe WhatsApp. Ohun tí o kọ sínú Wi-Fi ilé-iṣẹ́ kì í tẹ̀ lé ọ jáde. Bí o bá ti bọ́ sínú mọ́tò ní CMS tí o sì tan dátà, kò sí alárinà kankan láàárín mọ́.

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá rẹ ni màá fara balẹ̀ sọ, torí mo ti jókòó síbi tó jókòó sí rí. Ní 2004, káńtà káfé kan ní Ojúẹlẹ́gba ni mo ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Kọ̀ǹpútà mẹ́rìnlá, àwo ńlá kan lórí òrùlé, jẹnẹrétọ̀ kan tó ń ké bí ẹlẹ́kún òkú, àti àpótí dúdú kan lábẹ́ káńtà tí Squid wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àpótí yìí ni gbogbo kọ̀ǹpútà mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ń gbà kọjá. Íntánẹ́ẹ̀tì wọ́n bí ojú nígbà náà, nítorí náà bí ẹnìkan bá ti ṣí ojú ewé kan, àpótí á tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹlòmíràn tó bá tún béèrè rẹ̀, ẹ̀dà yẹn ló máa gbé fún un. Nígbà mìíràn ó máa ń gbé oúnjẹ àná fún èèyàn. Bàbá kan wá wo èsì bọ́ọ̀lù, ó bínú títí dé ilé, àṣé èsì ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló wò.

Ṣùgbọ́n àpótí náà tún ní ìwé àkọsílẹ̀ kan. Gbogbo ibi tí oníbàárà bá lọ ló ń kọ síbẹ̀: aago, kọ̀ǹpútà wo, àdírẹ́sì ojú ewé wo. Lọ́sàn-án tí ọjà bá kú, mo máa ń kà á bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Mo mọ ẹni tó ń wá ọ̀nà Kánádà tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Mo mọ ẹni tó ń wáṣẹ́ mìíràn lábẹ́lẹ̀. Ọkùnrin kan wà tó fẹ́ràn kọ̀ǹpútà keje, ọmọlúàbí ni, ó máa ń ra ẹ̀pà fún mi. Lọ́jọ́ kan mo rí i nínú ìwé náà pé orí àìsàn kan ṣoṣo ló ti ń kàwé fún wákàtí méjì. Nígbà tó ń jáde, mo kí i pẹ̀lẹ́ ju bó ṣe yẹ kí n kí i lọ. Ó dúró, ó wò mí. Kò padà wá mọ́.

Ayé ti yàtọ̀ díẹ̀ báyìí. Nígbà náà, ojú ewé tó ní àgádágodo kò pọ̀; lónìí, èyí tí kò ní ló kù díẹ̀. Bí àdírẹ́sì bá fi https bẹ̀rẹ̀, ohun tí alárinà máa rí ni orúkọ ibi tí o lọ, àkókò tí o lọ, àti bí ẹrù tó gbé ṣe tó. Kò ní rí ohun tí o kà níbẹ̀, kò ní rí páásíwọ̀ọ̀dù rẹ. Ti WhatsApp tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: láti fóònù rẹ ni wọ́n ti ti ọ̀rọ̀ náà pa, fóònù ẹni tí o kọ ọ́ sí nìkan ló lè ṣí i. Nítorí náà ọ̀gá rẹ lè mọ̀ pé o wà lórí WhatsApp láti aago mẹ́wàá títí di mọ́kànlá, kò lè mọ̀ pé òun gan-an ni ẹ ń sọ.

Ohun kan ló lè ba èyí jẹ́. Bí wọ́n bá ní kí o fi fáìlì kan tí wọ́n ń pè ní certificate sínú fóònù rẹ, dúró ná. Ìyẹn ni kọ́kọ́rọ́ àfarawé. Ẹni tó bá ní in lè ṣí àgádágodo ọ̀pọ̀ ojú ewé láàárín ọ̀nà, kó kà á, kó sì tún un tì padà. Fóònù tí ilé-iṣẹ́ rà fún ọ, tiwọn ni, wọ́n lè fi sí i. Fóònù tí o fowó ara rẹ rà, ìwọ ni kó o pinnu.

*Olùkọ́ Yorùbá ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ń ka abala yín, ẹ kú làálàá, ṣùgbọ́n «proxy, proxy» yìí ti sú mi. Ṣé èdè wa kò ní orúkọ fún un ni? — Bàbá, Sùúrùlérè*

Ẹ kú àgbà, sà. Mo ti lo alárinà lókè, bóyá ẹ ti ń mú gègé pupa yín jáde. Mo gbé mẹ́ta yẹ̀ wò. Aṣojú kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n aṣojú lè dá ìpinnu ṣe, eléyìí kì í ṣe ju iṣẹ́ tí a rán an lọ. Alágbàtà náà bá a mu, àfi pé alágbàtà ló ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n, proxy sì lè mú kí ọjà dínwó. Alárinà ló kù. Fóònù kò bá ojú ewé náà pàdé. Alárinà ló ń lọ, ojú alárinà ni wọ́n mọ̀ lọ́hùn-ún, òun náà ló ń gbé èsì bọ̀. Bí alárinà bá wà ní Jámánì, Jámánì ni wọ́n á rò pé ẹ ti ń bọ̀.

Ibì kan ṣoṣo ni orúkọ náà ti já mi kulẹ̀. Ẹ̀yin àgbà lẹ ní bí ọkọ àti ìyàwó bá mojú ara wọn tán, alárinà á yẹ̀bá. Eléyìí kì í yẹ̀bá. Ó máa dúró sáàárín yàrá títí ẹ ó fi lé e jáde. Bó bá sì wá jẹ́ oníjìbìtì ló gbé e kalẹ̀, agbódegbà ni kí ẹ pè é.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra fóònù tòkunbọ̀ kan, wọ́n ní ọwọ́ òyìnbó ni wọ́n ti gbà á. Ó ń ṣí Wi-Fi aládùúgbò mi dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ra dátà, kò ṣí ohunkóhun. Síìmù náà ń ṣiṣẹ́ nínú fóònù ìyàwó mi. Ẹnjiníà kan ní bọ́ọ̀dù ló bàjẹ́, kí n mú ₦18,000 wá. — Oníbéèrè, Mushin*

Ẹ má mú kọ́bọ̀ lọ fún un. Ẹ wọ Settings, ẹ wọ ibi síìmù tàbí Mobile network, ẹ wá Access Point Names. Ẹ tẹ èyí tí wọ́n ti sàmì sí láàárín wọn, kí ẹ wo ìlà Proxy àti ìlà Port. Not set ló yẹ kó wà níbẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé nọ́ńbà lẹ máa bá. Ẹ pa á rẹ́, kí ẹ tẹ Save. Bó bá kọ̀, ẹ tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè, kí ẹ yan Reset to default. Ẹ tan àmì ọkọ̀ òfuurufú, kí ẹ ka méjìlá, kí ẹ pa á.

Bí ẹ bá ti bá nọ́ńbà níbẹ̀ lóòótọ́, mo ní ìròyìn kan fún yín. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù ni fóònù fi ń tọ́jú rẹ̀. Bó bá ti yọjú nígbà tí ẹ fi síìmù Nàìjíríà sínú rẹ̀, á jẹ́ pé síìmù Nàìjíríà ti wà nínú fóònù náà rí, ẹnìkan sì jókòó tì í tó ń kọ proxy sí i. Òyìnbó wo nìyẹn? Bóyá òyìnbó Ìdí-Òrò.

Mo mọ iṣẹ́ tí onítọ̀hún ń ṣe. Àwọn tó ti ń lo fóònù ní nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn máa rántí ìbíráúsì ọ̀fẹ́. Ẹnìkan á ta ọ́ lólobó nọ́ńbà kan àti port kan, wàá kọ ọ́ sínú fóònù, íntánẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn láìsí owó lórí síìmù, títí àwọn tó ni omi á fi rí ihò náà, tí wọ́n á dí i. Èmi náà ṣe é ní 2009. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fọ́nnu kiri Yaba. Olè ni, mi ò ní pè é ní orúkọ mìíràn nítorí pé mo wà níbẹ̀. Ohun tó sì ń bí mi nínú ni pé wọ́n á lo ọ̀nà náà tán, wọn ò ní nu ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n tó ta fóònù.

*Àǹtí, ẹ̀gbọ́n kan fi nọ́ńbà proxy bíi ogún sínú ẹgbẹ́ WhatsApp àdúgbò wa, ọ̀fẹ́ ni gbogbo ẹ̀. Ó ní bákan náà ni proxy àti VPN, pé kò sẹ́ni tó máa mọ ibi tí mo wà. Èyí tó dára jù nínú wọn ní kí n kọ́kọ́ fi fáìlì kan sí fóònù. Mo ti fi sí i. Ṣé mo lè fi ṣe áàpù báńkì? — Ọmọ Ajégúnlẹ̀*

Rárá. Dìde níbi tí o jókòó sí, wọ Settings, wọ Security, wá Encryption and credentials, kí o ṣí Trusted credentials. Ojú méjì ló ní: System àti User. Wo ti User. Fáìlì tí o fi síbẹ̀ wà níbẹ̀, yọ ọ́. Bí o kò bá rí ojú ọ̀nà yìí lórí fóònù rẹ, kọ credentials sínú àpótí ìwákiri tó wà lókè Settings. Lẹ́yìn náà, padà sínú Wi-Fi, sọ Proxy di None. Ṣe ìyẹn tán kí o tó ka ìyókù.

Ó kù síbẹ̀: pààrọ̀ páásíwọ̀ọ̀dù gbogbo ibi tí o wọ̀ láti ọjọ́ tí o ti fi fáìlì náà sí i, kí o bẹ̀rẹ̀ láti orí ímeèlì. Orí dátà lásán ni kí o ti ṣe é.

Ìwọ rò ó wò. Ẹ̀rọ wà níbì kan tó ń jókòó lórí iná tọ̀sán-tòru, ẹnìkan ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lóṣooṣù, ó wá ní kí ọmọ Ajégúnlẹ̀ tí òun kò mọ̀ rí máa lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Èkó yìí tí aládùúgbò kì í fẹ́ kí o ki fóònù rẹ bọ iná jẹnẹrétọ̀ rẹ̀? Ó ń jẹ nǹkan kan níbẹ̀. Bóyá ìpolówó ló ń lẹ̀ mọ́ ojú ewé tí kò ní àgádágodo. Bóyá àkọsílẹ̀ ibi tí o ń lọ ló ń tà. Èyí tó bá wá ní kí o fi certificate sí fóònù, kò fẹ́ ìpolówó, inú àpò rẹ ló fẹ́ wọ̀. Èmi tí mo wà lábẹ́ òfin, tí ọ̀gá káfé mọ ilé bàbá mi, mo ṣì ka ìwé àkọsílẹ̀ oníbàárà. Ẹni tí o kò mọ orúkọ rẹ̀ ńkọ́?

Proxy àti VPN kì í ṣe ọ̀kan náà. Mo mọ ibi tí ìdàrúdàpọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀: láti oṣù June 2021 tí ìjọba àpapọ̀ dá Twitter dúró títí di 13 January 2022, gbogbo Èkó ló kọ́ VPN lẹ́ẹ̀kan náà, ohunkóhun tó bá sì ti ń gbé ni gba ẹ̀yìnkùlé, VPN ni wọ́n ń pè é. VPN máa ń fi ohun gbogbo tó ń jáde nínú fóònù sínú páìpù kan tí a bò, láti ọwọ́ rẹ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni VPN. Proxy lásán kò ní páìpù. Bí ojú ewé kò bá ní àgádágodo tirẹ̀, ìhòòhò ló ń rìn. Méjèèjì ló ṣì ní olóhun, olóhun náà ló sì ń wo ibi tí o ń lọ. Ní ti báńkì, lo dátà rẹ. Ọ̀pọ̀ báńkì ló tilẹ̀ máa ń fura bí wọ́n bá rí ẹni tó wà ní Ajégúnlẹ̀ láàárọ̀ tó sì ń gba Brazil wọlé lọ́sàn-án, wọ́n lè ti àkáǹtì pa, kí o wá máa tò sórí ìlà.

*iPhone ni mo ń lò, mi ò rí Advanced kankan. — Ọbaléndé*

Settings, Wi-Fi, tẹ àmì i tó wà ní ẹ̀gbẹ́ orúkọ Wi-Fi náà, wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀ pátápátá, wàá rí Configure Proxy. Manual. Kọ ojúlé sínú Server, kọ Port. Bí wọ́n bá fún ọ ní orúkọ àti páásíwọ̀ọ̀dù, tan Authentication kí àpótí wọn lè yọ. Tẹ Save lókè. Èèyàn máa ń gbàgbé Save yẹn.

Àtúnṣe: nínú àpẹẹrẹ tí mo ṣe fún ẹni tó béèrè nípa Wi-Fi ilé-ìwé ní ẹ̀dà tó kọjá, 8800 ni mo kọ síbi tó yẹ kí n kọ 8080. Kì í ṣe ẹ̀bi atẹ̀wé, ọwọ́ mi ló ṣì í. Ẹni tó kọ̀wé láti Ìsọlọ̀ pé òun fi Sátidé kan gbáko gbìyànjú rẹ̀, tó tún ra fóònù mìíràn láti fi dán an wò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ta fóònù kejì yẹn.